Ẹni Tó Tú Ọ̀pá àti Ẹni Tó Yẹ̀ ẹ́ Wò

Epo tó ń ti Atlas Cove létíkun Èkó wá sí Mosimi lẹ́bàá Ṣágámù, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà. Ìtòkí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, ni ọ̀pá gáàsì tó lọ sí Gánà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí ilẹ̀ wa di ọ̀nà epo máa ń rò pé irin tó dógùn-ún ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Ìtàn ò fi gbogbo ara gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan ló ti kọ́kọ́ tú ọ̀pá tàbí kó tún un ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Flixborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbá kan nínú mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan là ní 1974. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ọ̀pá oní-íǹṣì 20 so ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Ẹfun ni wọ́n fi ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ní 1 Oṣù Kẹfà, ọ̀pá náà já. Èèyàn 28 kú. Ní Piper Alpha, ibùdó ìwapo kan lójú òkun Scotland, ní 6 Oṣù Keje 1988, wọ́n yọ fáàfù kan lára ẹ̀rọ kan fún àtúnṣe, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí ẹnu fìláǹjì, ìyẹn etí irin tí wọ́n fi ń so ọ̀pá pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ò mọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ náà, gáàsì tú jáde, ó sì bú gbàmù. Èèyàn 167 ló bá a lọ.

Àwọn kan lè ní olè àti ìṣẹ́ ni tiwa, bíi ti Abúlé Ẹ̀gbá l'Ékòó ní 26 Oṣù Kejìlá 2006, níbi tí epo tó tú jáde lára ọ̀pá ti gbiná, tí èèyàn tó lé ní 200 sì jóná. Ìṣẹ́ ló kó èrò tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Kò sọ ìdí tí epo fi ń tú jáde. Lílu ọ̀pá nìkan kọ́ ló fà á: onímọ̀ ẹ̀rọ pàápàá máa ń lu ọ̀pá tí epo ń sáré nínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ wọn bí irin ṣe nípọn tó, á jó ẹnu tuntun mọ́ ọn, á de fáàfù mọ́ fìláǹjì, á di bóòtì ní ọ̀kánkán ara wọn díẹ̀díẹ̀, á dán an wò bóyá ó ń jò, kó tó gba inú fáàfù náà lù ú. Olè tó bá gbẹ́ ihò kan náà láìsí fáàfù kò ní ohun tí yóò fi tì í.