Ọ̀dúndún àti Àbámọdá: Ìtàn Tó Wà Nínú Ìkòkò Kan



Ní etí títì Kútọnu, wọ́n ń ta òdòdó tí ewé rẹ̀ sanra, tí omi kún inú rẹ̀, mẹ́ta mẹ́rin nínú ìkòkò kan. Plantes grasses ni Faransé ń pè é, a sì ń fowó rà á. Ọ̀dúndún àti àbámọdá jẹ́ irú kan náà, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ti ń lé wọn kúrò ní àgbàlá wa.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀dúndún ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà ń pè é ní ọba ewé, nítorí ìtútù rẹ̀. Madagásíkà ni ti àbámọdá, kó tó tàn ká gbogbo ilẹ̀ olóoru. Ju ewé rẹ̀ kan sílẹ̀, ọmọ á yọ yí etí rẹ̀ ká. Ẹ ò rí i pé orúkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: àbá tí mo dá!

Nínú lẹ́tà Benjamin Heyne tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1815, ó sọ pé ní Íńdíà, ewé yìí máa ń kan láàárọ̀, kì í sì ní adùn kankan lọ́sàn-án. Lóru ló ń ṣí ojú mímí rẹ̀, tó ń fi afẹ́fẹ́ pamọ́ bí omi kíkan. Lọ́sàn-án, ó ti ojú náà pa kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ ewé dé Bahia. Nínú Candomblé tí wọ́n ń pè ní Ketu, àbámọdá ṣì ń ṣiṣẹ́. Pierre Verger, Faransé tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, tí wọ́n sọ ní Fátúmbí, kó orúkọ ewé wa jọ sínú ìwé rẹ̀, Ewé, ní 1995.

Bahia ò gbàgbé. Àwa ńkọ́? Àwa olùkọ́ ń rí ọmọ tó mọ cactus nínú ìwé, tí kò mọ ọ̀dúndún.

Ẹ jẹ́ ká wá ìkòkò tó ní ihò nídìí, ká po iyanrìn mọ́ ilẹ̀, ká gbin àwọn méjèèjì pọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ ni ká tó bomi rin ín. Rinrin fẹ́ràn ibi tútù, ẹ gbìn ín lọ́tọ̀. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ wọn sára ìkòkò.

Kí ni wọ́n ń pe àbámọdá ní ìlú tiyín?