Abẹ́rẹ́ Kíróṣè àti Ọwọ́ Tó Ń Lò Ó

Nígbà tí màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní kíróṣè, bí ẹni di bírò mú ni mo ṣe di abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kí n tó hun ìlà mẹ́ta, àtàǹpàkò ti ń ro mí. Irin tínrín lásán ni. Màmá fi àkísà wé ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí n gbá a mú bí ọ̀bẹ ìgéṣu. Ara tù mí.

Àwọn kan wà tí kò lè sinmi bí ọwọ́ bá tilẹ̀ ń ro wọ́n. Ní ọdún 1845, àrùn kọlu pòtétò ní Ireland, bẹ́ẹ̀ òun ni oúnjẹ àwọn tálákà ibẹ̀. Ìyàn yẹn pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn. Ní 1847, Cassandra Hand, ìyàwó àlùfáà kan ní ìlú Clones, ṣètò kí àwọn obìnrin kọ́ kíróṣè, kí wọ́n lè máa hun léèsì tà. (Léèsì àfọwọ́hun o, kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ òde ìgbéyàwó.) Òwú rẹ̀ tínrín púpọ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni àwọn mìíràn lò: wọ́n á ṣẹ́ ìdajì ojú rẹ̀ kúrò kí èyí tó kù lè di ìkọ́, wọ́n á sì fi igi ṣe èèkù fún un.

Èèkù igi yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹni tó ń hun léèsì kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ kú mọ́ òun lára kí alẹ́ tó lẹ́.

Abẹ́rẹ́ Màmá ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì tú àkísà rẹ̀.