Dígí Tí A Ń Lò Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Bí ọba bá ń bọ̀, ariwo kàkàkí ni à ń kọ́kọ́ gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ lésà alágbára náà ní onífèrè tirẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa, onífèrè yìí ló sì fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́.

Ní 1985 ni Gérard Mourou àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Donna Strickland, dá ọgbọ́n kan ní Yunifásítì Rochester, l'Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, bí ìmọ́lẹ̀ kúkúrú bá ti le jù, ṣe ló ń ba ẹ̀rọ tó ń pèsè rẹ̀ jẹ́. Àwọn méjèèjì kọ́kọ́ fa ìmọ́lẹ̀ náà gùn kí ó lè rọlẹ̀, wọ́n bu agbára kún un, wọ́n wá tún un fún pọ̀. Ọgbọ́n yìí ló mú ẹ̀bùn Nobel bá wọn ní 2018. Nígbà tí yóò fi di 1996, lésà kan ní Livermore, ní Kalifóníà, ti ju mílíọ̀nù bílíọ̀nù wáàtì lọ. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, kí ẹ tún pín ẹyọ kan nínú rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún: kò pẹ́ tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí lésà tí gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ a máa yọ́ ṣáájú. Kí ni díẹ̀ lè ṣe? Ìdá 1 nínú mílíọ̀nù agbára ọba yẹn ṣì tó láti sọ ojú irin di èéfín kí ọba fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹni tó rò pé irin líle lòun ń yìn ín lù, àṣé kùrukùru ni. Owó àti làálàá dòfo.

Ní 1991, Henry Kapteyn àti Margaret Murnane (tọkọtaya ni wọ́n), pẹ̀lú Abraham Szoke àti Roger Falcone, gbé ojútùú jáde. Gíláàsì ni wọ́n gbé sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Onífèrè gba inú rẹ̀ kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ gidi bá dé, iwájú rẹ̀ gan-an ló ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà kúrò lára átọ́ọ̀mù ojú gíláàsì. Ohun tó dà yìí là ń pè ní plásímà. Ó ń dán bí irin, kíá ló sì da ìyókù ìmọ́lẹ̀ síbi iṣẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n! Kò sí ẹ̀rọ tó yára tó láti ṣílẹ̀kùn ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣí i.

Ojú kan náà kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì o. Bí wọ́n bá ti yìn ín, ibẹ̀ ti jóná, wọ́n á sún gíláàsì síwájú díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi kún fún àpá. Àwọn kan yóò ní ìfiṣòfò ni. Èmi kò gbà. Kí ni owó gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí kò lójú?

Ní Saclay, ní ilẹ̀ Faransé, méjì ni wọ́n fi tẹ̀léra. Ní 2007 wọ́n ròyìn pé onífèrè tó jẹ́ ìdá 1 nínú mílíọ̀nù tẹ́lẹ̀ ti di ìdá 1 nínú bílíọ̀nù 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìdajì agbára ọba bá a lọ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n yìn ín lu awẹ́ pẹlẹbẹ tí nínípọn rẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 10,000 mìlímítà. Awẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ lódindi nígbà tí ọba dé.