ÌFẸ́ ARÁ NÍ KÚDẸTÌ NÍGBÀ OGUN ÌJÀYÈ

Bí a ti ń dúpẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ọlọ́run fi pa ìjọ wa yìí mọ́, a ní kí èmi arúgbó katikíìsì kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ìrántí wa. Ìtàn ilé tí a kọ́ àti agogo tí a rà, àwọn mìíràn yóò sọ ọ́. Ìtàn ìfẹ́ ni èmi fẹ́ sọ. Nítorí Olúwa wa kò fi ilé ṣe àmì tí aráyé yóò fi mọ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀, bí kò ṣe ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ara wọn. Ojú ẹ̀dá kò rí Ọlọ́run rí, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn onígbàgbọ́ bá gbé fẹ́ràn ara wọn, ibẹ̀ ni a gbé ń rí iṣẹ́ Rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dàbí òwe lásán, ẹ jẹ́ kí a padà sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn.

Ní ọdún 1853 ni Àlùfáà David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán, mú aya rẹ̀ Anna wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ìyá ni àwọn ọmọ tí obìnrin náà tọ́ ń pè é. Daniel Olúbi àti James Òkúsẹ̀ìndé bá wọn ṣiṣẹ́. Láti Abẹ́òkúta ni Olúbi ti wá. Ní ọdún 1858 Henry Johnson, katikíìsì, ti Sàró dé pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Báyìí ni Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ìbàdàn pàápàá ṣe di ará ilé kan.

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, a sì fi ọmọ rẹ̀ Adélù jọba. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ní ọdún 1860 Ìbàdàn gbé ogun ti Ìjàyè. Ẹ̀gbá sì lọ gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí pẹ̀lú.

Ẹ ro ipò tí Olúbi wà. Ẹ̀gbá ni, ó sì ń gbé láàrin ìlú tí Ẹ̀gbá ń bá jà. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà lẹ́yìn odi ọ̀tá. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ń gbé òkú àwọn ọmọ wọn bọ̀ láti ojú ogun. Síbẹ̀ kò sá kúrò ní Kúdẹtì, ìjọ kò sì ta á nù. Ẹ̀jẹ̀ tí ó pín ìlú níyà kò pín àwọn tí ń jẹ oúnjẹ Olúwa pọ̀ níyà.

Ìyàn sì mú wọn. Owó àti ẹrù láti Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà dé mọ́. Hinderer àti aya rẹ̀ ń ta ohun tí wọ́n ní nínú ilé, títí kan agolo òfìfo, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò lé ọmọ kan jáde nítorí ebi. Àwọn tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ sì wá ń ràn wọ́n lọ́wọ́: wọ́n rí inú rere gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn ará ìlú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní Kúdẹtì, ọwọ́ méjèèjì pàdé nínú àwo kan.

Ní oṣù March 1862 Ìjàyè fọ́. A mú Edward Roper, òyìnbó oníṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà níbẹ̀, ní ìgbèkùn wá sí Ìbàdàn. Ilé tí kò ní oúnjẹ tó fún ara rẹ̀ ni ó gbà á. Ní ọdún 1865 ni Gómìnà Glover ti Èkó tó rán Ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá mú Ìyá jáde.

Nígbà tí àwọn Hinderer lọ pátápátá ní ọdún 1869, Olúbi ni ó dúró ti agbo. A fi í joyè díákónì ní 1871, àti àlùfáà ní 1876. Òun, ọmọ Ẹ̀gbá, ni ó ṣe baba fún ìjọ Ìbàdàn la ogun Kírìjì já.

Ẹ sì kíyè sí èso rẹ̀. Samuel, ọmọ Henry Johnson, jẹ́ ọmọdékùnrin ní Ìbàdàn nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́. Charles Phillips, ẹ̀wẹ̀, baba rẹ̀ ni katikíìsì ní Ìjàyè, ìlú tí Ìbàdàn run. Ní ọdún 1886 àwọn ọmọ méjèèjì yìí jọ rìn láti ibùdó ogun dé ibùdó ogun, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sọ́dọ̀ Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ọmọ tí ìfẹ́ tọ́ ni ó mọ ọ̀nà àlàáfíà.

Ẹ̀yin ará, èmi fúnra mi jẹ̀bi. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn, opó kan kò wá sí ìsìn fún oṣù méjì. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí kò wá; n kò lọ wo ohun tí ó ń jẹ. Ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ni ó sọ fún mi pé àìsàn àti ebi ni ó dè é mọ́lé. Ojú tì mí, ó sì ń tì mí títí di òní. Mo ti wàásù ìfẹ́ fún un lọ́pọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n kò rí i.

Ilé wa ga ju ti Kúdẹtì ìgbà náà lọ, àpótí ọrẹ wa sì wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ń bẹ láàrin wa tí ebi ń pa tí a kò mọ̀? Ta ni a kò bá jókòó nítorí pé ìlú rẹ̀ kì í ṣe ìlú wa? Bí ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn bá dé, kí àwọn ọmọ wa lè wí pé wọ́n rí Ọlọ́run nínú bí àwọn baba wọn ti fẹ́ràn ara wọn.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn àwọn ará Kúdẹtì. Àmín.