Fíkà, Ọlọ́pàá àti Ìdájọ́ Ikú

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ìtàn máa ń wà; nígbà mìíràn, inú eré ni ó máa ń fara pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú Grantchester, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí iléeṣẹ́ ITV ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 2014. Nínú rẹ̀, Sidney Chambers, fíkà ìjọ Áńgílíkà ní abúlé Grantchester nítòsí Cambridge, ń bá Ìńsípẹ́tọ̀ Geordie Keating wá àwọn apànìyàn rí. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé eré náà ń fi hàn wá ìdí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jáwọ́ nínú yíyẹgi fún ènìyàn.

James Runcie ni ó kọ àwọn ìwé tí wọ́n fi ṣe eré náà. Bàbá rẹ̀, Robert Runcie, jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì kí ó tó di àlùfáà, ó sì jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury láti 1980 di 1991. Sidney náà jagun kí ó tó di fíkà. Ọdún 1953 ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba ṣì ń fi ìwé pín oúnjẹ fún ará ìlú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fíkà ni ó ń wá apànìyàn? Ìdí ni pé kò sí ilé tí fíkà abúlé kì í wọ̀. Òun ló ń so tọkọtaya pọ̀, òun ló ń ṣe ìsàmì fún ọmọ, òun ló sì ń sin òkú. Ohun tí ènìyàn kò lè sọ fún ọlọ́pàá, ó lè sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá ti mú ọ̀daràn, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ti fíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ó gbàgbọ́ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ lè ronú pìwà dà. Ní abala kejì eré náà, wọ́n yẹgi fún ọ̀dọ́kùnrin kan, Gary Bell, ọ̀rọ̀ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú Sidney àti Geordie ká.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ní 1950, wọ́n yẹgi fún Timothy Evans ní London nítorí ikú ọmọ rẹ̀. John Christie tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà jẹ́rìí takò ó, ilé ẹjọ́ sì gba Christie gbọ́. Ní 1953, wọ́n rí òkú àwọn obìnrin nínú ilé náà, Christie sì jẹ́wọ́ pé òun ni òun pa ìyàwó Evans.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yẹgi fún Derek Bentley, ọmọ ọdún 19. Òun kọ́ ló yìnbọn pa ọlọ́pàá tí wọ́n torí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Christopher Craig, ọmọ ọdún 16, irú ọjọ́ orí mi, ló yìn ín. Òfin kò gbà kí wọ́n yẹgi fún ọmọdé, nítorí náà ẹ̀wọ̀n ni ó lọ.

Inú bí ará ìlú. Ní 1957, òfin dín irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó la ikú lọ kù. Ní 1964 ni wọ́n yẹgi kẹ́yìn. Ní 1965, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dá a dúró fún apànìyàn. Wọ́n dárí ji Evans ní 1966, ilé ẹjọ́ sì fagi lé ẹ̀bi Bentley ní 1998. Ta ni wọ́n fẹ́ fún ní ìròyìn ayọ̀ náà? Àwọn méjèèjì ti wà nínú ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Nàìjíríà, nítorí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó jọba lé wa lórí ni a ti gba òfin yíyẹgi, ó sì wà nínú ìwé òfin wa títí di òní. Àwọn tí ó fún wa ti jáwọ́ nínú tiwọn. Ní ìkádìí, ó dára kí a mú ọ̀daràn, ó sì tọ́ kí ó jìyà. Ṣùgbọ́n a lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí a ṣì dá lẹ́bi. A kò lè ṣí ti ibojì.