Moróuntódùn (eré oníṣe)

Moróuntódùn jẹ́ eré oníṣe tí Fẹ́mi Òṣófisan kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Longman sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1982 pẹ̀lú àwọn eré mìíràn láti ọwọ́ òǹkọ̀wé kan náà. Ìtàn ìfẹ́ ni, àárín àwọn ọ̀tá méjì ni ìfẹ́ náà sì ti ṣẹlẹ̀: ọmọbìnrin olówó kan àti olórí àwọn àgbẹ̀ tó ń bá ìjọba jà. Inú ìtàn Mọremí ti Ilé-Ifẹ̀ àti ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ni òǹkọ̀wé ti fa ohun tó fi hun ún.

== Ìtàn Mọremí ==

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, àwọn ará Ugbò a máa ya wọ Ilé-Ifẹ̀ láti kó ẹrú àti ẹrù. Ìko ni wọ́n fi ń bo ara, àwọn ará Ifẹ̀ sì gbà pé iwin ni wọ́n. Mọremí, obìnrin arẹwà kan, lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ létí odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ọba Ugbò fẹ́ ẹ níyàwó. Nígbà tó mọ àṣírí wọn tán, ó sá padà wálé, ó sì sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, iná ni kí wọ́n sì fi pàdé wọn. Ifẹ̀ ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọremí bí, ni odò gbà fún ẹ̀jẹ́ náà. Ọdún Edì ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ ní Ifẹ̀ títí di òní.

Ugbò tí a mọ̀ lónìí wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbà pé ajínigbé ni àwọn baba ńlá wọn. Wọ́n ní àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ Ifẹ̀ dó kí Odùduwà tó dé. Ìtàn tí àwọn kan fi ń yin akọni obìnrin jẹ́ ìtàn ìwà ọ̀dàlẹ̀ ní etí àwọn mìíràn. Ṣáájú Òṣófisan, Dúró Ládipọ̀ náà ti kọ eré kan lórí Mọremí.

== Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ==

Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà kọ̀ láti san owó orí tó ti ga jù fún wọn. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni wọ́n ní àwọn lè san. Agbègbè Ìbàdàn, pàápàá Akánrán, ni ìjà náà ti gbóná jù, ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969 àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba dín owó orí kù sí £2.

== Ìtàn inú eré ==

Titubi ni ọmọ Alhaja Kabirat, ìyálọ́jà tó lówó lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe Mọremí tuntun. Ó bá ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Sàlámì, dá a pé kí wọ́n ti òun mọ́ ẹ̀wọ̀n; bí àwọn ọlọ̀tẹ̀ bá wá fọ́ ọgbà náà, wọn yóò mú òun lọ, òun yóò sì wá ọ̀nà láti fa Marshal, olórí wọn, lé ìjọba lọ́wọ́. Ète náà ṣẹ títí dé oko. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Titubi bá àwọn àgbẹ̀ gbé, ó rí ìṣẹ́ tó ń jẹ wọ́n, ó sì mọ̀ pé ọrọ̀ tí wọ́n fi tọ́ òun dàgbà kò ṣàìní ọwọ́ nínú ìyà wọn. Ìfẹ́ wọ àárín òun àti Marshal. Nígbà tó padà dé iwájú àwọn ọlọ́pàá àti ìyá rẹ̀, ó kọ Mọremí sílẹ̀ ní gbangba, nítorí pé àwọn aláṣẹ ni Mọremí ṣiṣẹ́ fún. Ó di aya Marshal, ọkọ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Moróuntódùn, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti rí ohun tó dùn.

Ìyàtọ̀ pàtàkì rèé: Mọremí fi ibùsùn ọ̀tá ṣe ọ̀nà àtigbà àṣírí, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò ní Ifẹ̀, ní ti Titubi, ọ̀tá ló gba ọkàn rẹ̀. Ìpinnu yìí kò rọrùn, nítorí ìyá tó bí i ló ń kọ̀ sílẹ̀.

== Ọ̀nà ìgbékalẹ̀ ==

Eré nínú eré ni. Olùdarí kan máa ń bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀ tààrà, àwọn obìnrin olówó sì ya wọ orí ìtàgé láti da eré náà rú kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìran ìgbà Mọremí ń wọ inú ti òde òní lójú àwọn òǹwòran, a ó sì rí ayaba Ifẹ̀ àti ọmọ ìyálọ́jà nínú eré kan ṣoṣo. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ọgbọ́n yìí wé ti Bertolt Brecht, òǹkọ̀wé eré ọmọ Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn apàlọ́ Yorùbá náà ti ń bá àwọn olùgbọ́ wọn fèsì láti ìgbà ìwáṣẹ̀.