Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Afẹ́nifẹ́re

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Eliozu, ní Port Harcourt, lè rò pé orúkọ ẹgbẹ́ lásán ni. Ẹ tú u wò: a-fẹ́-ẹni-fẹ́-ire, ẹni tó ń fẹ́ ire fún ọmọnìkejì. Orúkọ náà ni Yorùbá fi pe ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tí Olóyè Awólọ́wọ̀ darí. Lọ́ńdọ̀nù ni Awólọ́wọ̀ ti kọ́ òfin, láti 1944 sí 1946. Ìṣojú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọlé ìbò ní 1945, tí wọ́n fẹ́ mú àbá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Beveridge ṣẹ, pé kí ìjọba má pa aláìsàn, arúgbó àti aláìríṣẹ́ tì. Irú ire bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Awólọ́wọ̀ náà ṣe: ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.